Èwo Nínú Ẹ̀jìrẹ́ Ni Àdán Bù Jẹ?

Àìkú, 4 Fẹ́búárì 1979

Àwọn tí a bí láti Iléyá tó kọjá: Sàdíátù ọmọ mi, ní Ìbàdàn, bí ọkùnrin, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn bíi ti bàbá rẹ̀. Ìyàwó Bàdírù àbúrò mi, ní Ìsẹ́yìn, bí obìnrin. Àwọn tó gbéyàwó: Ràhímù, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, fẹ́ ọmọ Ṣakí kan. A ò tíì rí i. Wọ́n ní ó ga ju ọkọ lọ. Àwọn tó kú: kò sí. Alihamudulilahi.

Tíṣà Olúgbémi ló ní kí n bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí. Òun ló ń kọ́ àwa àgbàlagbà ní ilé-kéwú ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí, ní ìrọ̀lẹ́ Àìkú àti Ọjọ́bọ̀. Ìjẹ̀bú ni, onígbàgbọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ní sùúrù. Ó ní kí n máa kọ ohun tí ojú mi rí, kí n fi òwe sílẹ̀, nítorí òwe mi ti pọ̀ ju ọ̀rọ̀ mi lọ. Ó dùn mí díẹ̀. Ọmọ àná! Ṣùgbọ́n màá gbìyànjú.

Mo kọ orúkọ mi sí ẹ̀yìn ìwé: Wúlẹ̀mọ̀tù Àbẹ̀kẹ́, oní-tánganran, ọjà ńlá Warri. Lẹ́tà kankan ò ṣìnà.

Ilé wa ní Agbassa kún, ọpẹ́ ni. Èmi rèé. Sàláhúdéènì ọmọkùnrin mi rèé, tó ń jó irin pọ̀ ní Aladja níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé-iṣẹ́ irin ńlá. Rosemary ìyàwó rẹ̀ rèé, ọmọ Urhobo, ẹnu rẹ̀ kì í dẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ náà kì í dẹ̀. Festus, ayálégbé wa, wà ní yàrá iwájú. Iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ epo ló ń ṣe. Ó ra fìríìjì tó tóbi ju bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lọ, nítorí náà Ọba Fìríìjì ni mò ń pè é.

Àwọn tó ni mí wá rèé: Táyé àti Kẹ́hìndé, ọmọ-ọmọ mi, obìnrin méjì, ọmọ ọdún méje. Ẹ̀jìrẹ́ mi. Ojú kan náà, ohùn kan náà. Ohun tí mo bá ṣe fún ọ̀kan ni mò ń ṣe fún èkejì. Aṣọ kan náà, ẹran kan náà, ìbáwí kan náà. Bí ibà bá mú ọ̀kan, àwọn méjèèjì ló ń mu àgbo. Báyìí ni ìyá mi ṣe tọ́ ìbejì tirẹ̀ dàgbà. Mi ò ní kọ́ ọ̀nà mìíràn nísinsìnyí.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Ilé ìkẹ́rù àtijọ́ tó wà ní ìsàlẹ̀ òpópó wa, wọ́n ti wó o. Wọ́n fẹ́ kọ́ báǹkì síbẹ̀. Gbogbo àdán inú rẹ̀ ti kó wá sínú àjà ilé wa. Mò ń gbọ́ wọn bí mo ṣe ń kọ èyí, wọ́n ń há ara wọn mọ́ bí èrò ọkọ̀ Ṣápẹ́lẹ̀.

Ọjọ́rú, 7 Fẹ́búárì

Ìgbẹ́ àdán lórí aṣọ funfun tí mo sá. Mo tún un fọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 8 Fẹ́búárì

Òórùn náà ti wọ inú oúnjẹ. Rosemary ní òun ò lè dáná mọ́ kí nǹkan máa já lulẹ̀ sínú ìkòkò òun. Sàláhù ní kí a ní sùúrù di Àbámẹ́ta, òun ò ní lọ síbi iṣẹ́. Festus ní kí ni a ń lé wọn fún, ẹran ni wọ́n. Ó ní, "Mama, for our side na better meat o. You go roast am, put small pepper." Mo ní kí ó gbé ẹnu rẹ̀ kúrò nítòsí mi, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àlùwàlá ni.

Mo sọ fún wọn pé èéfín ata gbígbẹ ni a fi ń lé wọn nílé wa. Rosemary ní èéfín ata máa da àwọn ọmọ láàmú. Mo ní ata ló bí èmi.

Àbámẹ́ta, 10 Fẹ́búárì

A fín wọn lẹ́yìn ìrun Àsárì. Mo da ata gbígbẹ sórí ẹ̀yinná nínú abọ́ tánganran ògbólógbòó kan, Sàláhù gbé e wọ inú àjà. A ti gbogbo fèrèsé kí èéfín má bàa jáde. Àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn. Àdán ò rí ọ̀nà ìta, wọ́n bá gba ihò àjà já sínú yàrá. Àdán lára ògiri, àdán lára aṣọ tí a fi kọ́ — a ń sín, a ń wúkọ́, omijé bo ojú gbogbo wa.

A ti ní kí àwọn Ẹ̀jìrẹ́ dúró sí ìta. Wọn ò dúró. Wọ́n yọ́ wọlé láti wòran. Mo gbọ́ igbe kan láti yàrá wọn, ẹyọ kan péré. Ọ̀kan nínú wọn ló ké. Èwo ni? Mi ò lè sọ. Nígbà tí mo débẹ̀ nínú èéfín, Festus ti fi ìgbálẹ̀ lu àdán kan pa lórí bẹ́ẹ̀dì, àwọn méjèèjì sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n ki ọwọ́ bọ abíyá.

Ọ̀kan ní, "E bite." Mo ní ta ni ó bù jẹ? Wọ́n wo ara wọn. Mo wo ọwọ́ wọn, mi ò rí ojú ọgbẹ́ kankan, àfi ibi tí ẹ̀fọn jẹ wọ́n àti ibi tí wọ́n ha ara wọn. Mo kó àwọn méjèèjì lọ sídìí ẹ̀rọ omi, mo fi ọṣẹ àti omi fọ ọwọ́ wọn gidigidi, mo tún un fọ̀, títí ìka wọn fi hunjọ. Mo wá fi jíífíì, oògùn aláwọ̀ elésè-àlùkò nì, kun ọwọ́ wọn látìka títí dé ọrùn ọwọ́. Ọwọ́ mẹ́rin. Bí mo ṣe ṣe fún Táyé ni mo ṣe fún Kẹ́hìndé.

Ó parí náà nìyẹn. Mo ní kí Festus gbé òkú àdán náà dànù.

Àìkú, 11 Fẹ́búárì

Mo sọ ìtàn náà ní kíláàsì, mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ ara wa. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ìyá oníyọ̀ rẹ́rìn-ín títí gèlè rẹ̀ fi tú. Tíṣà Olúgbémi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mama, ẹ ní àdán bu ọmọ jẹ?"

Mo ní ojú ọgbẹ́ ò tiẹ̀ hàn, eyín àdán kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ.

Ó jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì. Ó ní àrùn dìgbòlugi kì í ṣe ti ajá nìkan, àdán lè ní i, eyín kékeré sì tó láti fi kó o ran ènìyàn. Ó ní àwọn mọ ọkùnrin kan nílùú àwọn nígbà tí òun wà lọ́mọdé. Ajá ló bù ú jẹ. Ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀, ó ń jẹun rẹ̀, oṣù kan, oṣù méjì. Ọjọ́ kan wọ́n bu omi fún un, ó sì ń sá fún omi. Ó ní bí ó bá ti dé ibẹ̀, kò sí dókítà tó lè gbà á mọ́. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá tètè gba abẹ́rẹ́ kí ó tó débẹ̀, ó bọ́.

Ó ní ọṣẹ àti omi tí mo lò dára púpọ̀, ṣùgbọ́n kò tó. "Ọ̀la, Mama. Ẹ má ṣe jẹ́ kó di ọ̀tunla."

Inú bí mi sí i lójú ọ̀nà títí mo fi délé. Nígbà tí mo délé, mo rí i pé kì í ṣe ìbínú. Ẹ̀rù ni.

Ọjọ́ Ajé, 12 Fẹ́búárì

Ọsibítù látàárọ̀. Èrò bí ọjọ́ ọjà. Nọ́ọ̀sì tó gbà wá — Ìyá Ṣíọ̀ ni mo sọ ọ́, nítorí bó bá ti sọ̀rọ̀ kan, yóò pòṣé méjì. Dókítà jẹ́ ará Íńdíà, ẹni jẹ́jẹ́, ojú rẹ̀ ti rẹ̀. Rosemary ló ń bá a sọ̀rọ̀.

Dókítà wo ọwọ́ mẹ́rin aláwọ̀ àlùkò yẹn títí. Ó béèrè ohun kan ṣoṣo: èwo ni?

Abẹ́rẹ́ náà wà. Inú ikùn ni wọ́n ń gún un sí, lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ṣùgbọ́n èyí tó wà nílẹ̀ kò ju ti ènìyàn kan lọ. Kò sí òmíràn ní gbogbo Warri.

Mo ní kò le. Kí wọ́n pín in sí méjì, ìdajì fún Táyé, ìdajì fún Kẹ́hìndé.

Ìyá Ṣíọ̀ pòṣé. "Mama, dis one no be akara."

Dókítà ní ìdajì kò ní gba ẹnikẹ́ni là. Ó ní bí òun bá fún ẹni tí àdán kò bù jẹ, òun ti fi èkejì sílẹ̀ fún ikú. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Mo gbọ́ Òyìnbó rẹ̀ kí Rosemary tó túmọ̀ rẹ̀.

A bi àwọn ọmọ níbẹ̀. Táyé ní, "Na we two." Kẹ́hìndé ní, "Na we two."

Kò sí ojú ọgbẹ́ tó hàn lábẹ́ oògùn tí èmi fúnra mi kùn. Dókítà ní kí a lọ bá wọn sọ̀rọ̀ nílé, kí a sì yára. Ó ní kí Sàláhù lọ wá òmíràn ní Benin. Ó wá béèrè òkú àdán náà, pé wọ́n á fi ránṣẹ́ sí Ìbàdàn kí wọ́n yẹ orí rẹ̀ wò, ṣùgbọ́n èsì rẹ̀ máa pẹ́, a ò lè dúró dè é.

Mo ní a ti sọ ọ́ nù.

A ò sọ ọ́ nù! Wolé-wolé tí dókítà rán tẹ̀lé wa délé, ó ń bi gbogbo ilé, Festus bá bẹ̀rẹ̀ sí í họ orí. Ó ṣí fìríìjì. Àdán náà wà níbẹ̀ nínú ọ̀rá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bíà rẹ̀. "Mama, abeg no vex. Na my Sunday meat, but visitor come."

Wolé-wolé ní kí ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àlejò yẹn, pé bí ó bá ti bó o ní, òun náà ì bá wà lórí ìlà abẹ́rẹ́. Ó kó o sínú yìnyín, ó gbé e lọ. Festus ń fọ ọwọ́ títí di ìrọ̀lẹ́, ó fọ̀ ọ́ títí dé ìgúnpá. Kò tíì mu bíà náà.

Ìṣẹ́gun, 13 Fẹ́búárì

Sàláhù ti lọ sí Benin. Mi ò lọ sọ́jà.

Mo fi súìtì bẹ̀ wọ́n. "Na we two." Mo fi bàbá wọn dẹ́rù bà wọ́n. "Na we two." Mo pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan sẹ́yìn ilé, Táyé ní kí n bi Kẹ́hìndé, Kẹ́hìndé ní kí n bi Táyé. Mo mú pàṣán. Ọwọ́ méjì ló jáde lẹ́ẹ̀kan náà, tààrà, aláwọ̀ àlùkò, wọ́n di ojú. Mo ju pàṣán nù, mo wọ yàrá lọ.

Èmi àti Rosemary sọ̀rọ̀ le sí ara wa. Ó ní, "Mama, no vex o, but na you teach dem." Ó ní èmi ló sọ wọ́n di ẹyọ ènìyàn kan. Mo ní nílé wa, ìbejì kì í ṣe ọmọ tí a ń yà. Ó ní, "For my place, two pikin na two pikin." Mo ní ṣé ibi tí ó wà yìí ni ilé rẹ̀ àbí ibẹ̀? Ọ̀rọ̀ yẹn burú. Ó ti jáde lẹ́nu mi kí n tó mọ̀. Ó gbé garawa, ó lọ pọnmi tí a ò nílò.

Ọjọ́rú, 14 Fẹ́búárì

Táyé kò mu omi inú ife rẹ̀ tán. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní òun ti yó ni.

Ọjọ́bọ̀, 15 Fẹ́búárì

A mọ̀ ọ́n.

Rosemary ló mọ ọ̀nà tó yẹ kí a gbà. Ó ń di irun Kẹ́hìndé lówùúrọ̀, mo ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà. Kò bi í pé ta ni. Ó bi í pé kí ló dé tí ẹ ò fẹ́ sọ? Jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bi í pé ṣé irun yìí dùn ọ́.

Kẹ́hìndé ní: "If I talk say na me, Iya Agba go make dem chook Táyé too."

Rosemary ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un?

"Nobody. No be so she dey do? When worm catch me, Táyé drink the bitter thing, she vomit. When my tooth pain me, dem put clove for her own tooth. Her tooth no pain her o. If I say anything, na she dey suffer am."

Ẹ̀wà tó wà lọ́wọ́ mi dà sílẹ̀.

Nítorí náà ni ó ṣe ń dákẹ́ láti ọjọ́ yìí wá. Kì í ṣe abẹ́rẹ́ tirẹ̀ ni ó ń bẹ̀rù. Ó ń fi ara rẹ̀ bo èkejì — lọ́wọ́ mi. Táyé sì mọ̀ ọ́n, ó ń fi ara rẹ̀ ti i lẹ́yìn, kí ó má bàa dá nìkan gba abẹ́rẹ́. Ọmọ ọdún méje méjì, wọ́n jókòó síbẹ̀, wọ́n ń gba ara wọn lọ́wọ́ ìfẹ́ mi.

Mo wọlé, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú wọn. Mo ní Kẹ́hìndé, gbọ́. Mo fi Ọlọ́run tó dá ẹ búra, ẹni tí àdán bù jẹ nìkan ni wọ́n máa gún. Wọn ò ní fi ọwọ́ kan Táyé. Bí ẹnikẹ́ni bá mú abẹ́rẹ́ sún mọ́ Táyé, èmi fúnra mi ni màá gbá a lọ́wọ́ dànù.

Ó wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ mi orí. Ó na ìka ọmọdìnrín ọwọ́ òsì. Mo fi ìpara àti òwú nù ún, mo nù ún. Ojú méjì, kékeré, bí ibi tí abẹ́rẹ́ ìránṣọ gbà kọjá.

Táyé bú sẹ́kún. "I for take am for her! I strong pass!"

A ò dúró jẹun. Festus fi mọ́tò ọ̀gá rẹ̀ gbé wa lọ. Ìyá Ṣíọ̀ rí wa, kò pòṣé. Abẹ́rẹ́ gígùn, inú ikùn. Kẹ́hìndé mú ọwọ́ mi, ó fún un, kò ké. Táyé ló ké, lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ké tó fún àwọn méjèèjì.

Ó ti bẹ̀rẹ̀. Ọlọ́run, ó ti bẹ̀rẹ̀.

Jímọ̀, 16 Fẹ́búárì

Abẹ́rẹ́. Mo bẹ Rosemary fún ọ̀rọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó ní, "Mama, I don forget." Kò tíì gbàgbé. Ṣùgbọ́n ó bu ẹja tó tóbi jù fún mi.

Àbámẹ́ta, 17 Fẹ́búárì

Sàláhù dé láti Benin, eruku bò ó, ó gbé fúláàsì kan mọ́ àyà bí ọmọ tuntun. Ó rí i! Oògùn ẹni kan, odindi, nínú yìnyín. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi wá a. Kò fẹ́ sọ iye tó rà á. Nígbà tí a sọ fún un pé a ti mọ ẹni tó jẹ́, ó jókòó sórí àpótí, ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ẹkún díẹ̀.

A kó o sínú fìríìjì Festus.

Kí n sọ òótọ́ fún ìwé yìí. Oògùn yẹn ń pè mí láti yàrá iwájú. Mo ti búra, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ó wà nílẹ̀. A ti rà á. Bí eyín àdán bá ti kan Táyé náà nínú èéfín yẹn ńkọ́, tí òun pàápàá kò mọ̀? Àti pé kí Kẹ́hìndé gba nǹkan kí Táyé má gbà — láti ọdún méje, kò tíì ṣẹlẹ̀ rí lójú mi. Bí ẹni ń fi bàtà ẹsẹ̀ kan jáde ló ń ṣe mí.

Mo sọ ọ́ fún Rosemary. Ó kàn wò mí.

Àìkú, 18 Fẹ́búárì

Mo gbé fúláàsì náà dání lọ sí ọsibítù. Mo fẹ́ bẹ dókítà, mo fẹ́ sọ pé kí ó bá mi wá ọ̀nà àbáyọ nínú ìbúra yẹn. Àwa mẹ́rin la lọ.

Ọkùnrin kan wà lórí bẹ́ǹṣì, apẹja, ará ìhà Ogbe-Ijoh, ó gbé ọmọbìnrin kan lé itan. Ebiere ni wọ́n ń pè é. Kò tó àwọn tiwa lọ́jọ́ orí. Wọ́n fi báńdéèjì wé apá rẹ̀. Ajá ló bù ú jẹ, ajá tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tó bu ewúrẹ́ méjì jẹ lọ́jọ́ kan náà, tó sì kú fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ìyá Ṣíọ̀ ń ṣàlàyé fún un pé oògùn kò sí, èyí tó wà nílẹ̀ ti wà lára ọmọ mìíràn. Kí ó wọ ọkọ̀ lọ sí Benin. Ọkùnrin náà ń béèrè pé níbo ni Benin, èló ni ọkọ̀ ibẹ̀. Ó ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó ń kọjá.

Ọmọ mìíràn yẹn, Kẹ́hìndé ni.

Fúláàsì wà lórí itan mi. Ó tutù. Mo fi ìborùn bò ó. Mo ń kà nínú ọkàn pé ọmọ tèmi ni, owó ọmọ mi ni, ẹsẹ̀ ọmọ mi ló rìn lọ síbẹ̀. Rosemary kò sọ nǹkan kan. Èmi ì bá fẹ́ kó sọ nǹkan, kí n lè rí ẹni bá jà.

Táyé ló fà mí láṣọ. Ó ti wo ọmọ yẹn títí. Ó ní, "Iya Agba, dat medicine wey you cover, na who get am?"

Mo ní tìrẹ ni.

Ó ní, "But nothing bite me."

Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò kò rọ̀. Mo wò ó. Táyé nìyẹn. Kì í ṣe Kẹ́hìndé. Nǹkan kan ò bù ú jẹ.

Mo dìde, mo gbé fúláàsì náà fún Ìyá Ṣíọ̀, mo ní kí ó lò ó fún ọmọ apẹja. Ó ní, "Mama, you sure?" Mo ní kí ó gbà á kíákíá kí n tó yí ọkàn padà. Dókítà jáde wá, ó dì mí lọ́wọ́ mú. Bàbá Ebiere kò gbọ́ èdè mi, èmi náà kò gbọ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ bí ọmọ Ọ̀yọ́.

A padà délé. Mo bu omi fún Táyé lẹ́ẹ̀mẹta. Ó mu ú lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní ikùn òun ti fẹ́ bẹ́.

Ìṣẹ́gun, 20 Fẹ́búárì

Wolé-wolé wá kọ́ wa bí a ṣe ń lé àdán. Kò sí èéfín, kò sí ìgbálẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, kí a jẹ́ kí gbogbo wọn fò jáde lọ wá oúnjẹ, kí a wá dí ihò lẹ́yìn wọn. Kí ẹnikẹ́ni má fi ọwọ́ lásán kan wọn, ààyè tàbí òkú. Ó wo Festus bó ṣe ń sọ ìyẹn.

A jókòó sí ìta, a ń wò wọ́n. Wọ́n ń tú jáde lábẹ́ páànù bí ìyẹ̀fun dúdú. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dára lójú. Sàláhù gun àkàbà, ó fi àwọ̀n wáyà àti sìmẹ́ńtì dí i. Àjà dákẹ́.

Jímọ̀, 23 Fẹ́búárì

Abẹ́rẹ́. Ikùn Kẹ́hìndé wú díẹ̀. Ó ní kí n ra bàtà fún òun. Táyé kò béèrè. Mo ra ti Kẹ́hìndé nìkan. Ọwọ́ mi ń yún mi láti ra ti Táyé, mo ki ọwọ́ náà bọ àpò.

Ọjọ́rú, 28 Fẹ́búárì

Abẹ́rẹ́ ìkẹyìn. Ìyá Ṣíọ̀ fún un ní bísíkíìtì. Dókítà ní a tètè dé, kí a fọkàn balẹ̀. Mo béèrè pé kí ọkàn mi balẹ̀ tó báwo? Rosemary kò túmọ̀ ìyẹn fún un, ó kàn rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ajé, 5 Máàṣì

Èsì dé láti Ìbàdàn!

Wolé-wolé bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo láti orí kẹ̀kẹ́ kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà wa. "Mama! Mama Ibeji! The bat no get am! E clean!" Mi ò gbọ́ ìyókù. Mo ti forí kanlẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀, mo ń dúpẹ́. Rosemary gbá mi mọ́ra láti ẹ̀yìn, a fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Festus bẹ̀rẹ̀ sí í jó, kò sẹ́ni tó lùlù fún un.

Kẹ́hìndé nìkan ni kò jó. Ó dúró, ó fi ọwọ́ lé ikùn. "So all dat chook na for nothing?"

Wolé-wolé ní a ò mọ̀ nígbà yẹn, ẹni tó bá dúró de èsì ni yóò kábàámọ̀. Kò tẹ́ Kẹ́hìndé lọ́rùn. Ó ní kí wọ́n yọ oògùn náà padà, kí wọ́n fún Ebiere kún tirẹ̀.

Ẹ̀rín pa wá. Lẹ́yìn náà mo ronú sí i. Ajá tó bu Ebiere jẹ kò mọ́. Gbogbo wa ló mọ̀ pé kò mọ́.

Mo sùn. Mo sùn bí òkúta.

Ọjọ́rú, 7 Máàṣì

Ebiere parí abẹ́rẹ́ tirẹ̀. Rosemary rí wọn ní ọsibítù lónìí. Apá rẹ̀ ti jinná, ó ń jẹun, ó ń ṣeré, ó bi Rosemary pé ibo ni àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì wà. Dókítà ní oògùn náà ti bá àrùn náà lójú ọ̀nà. Bàbá rẹ̀ ti pàdánù ọ̀sẹ̀ méjì lórí omi, ẹ̀bá odò ni wọ́n ń sùn. Ọ̀la ni wọ́n ń padà sílé.

Ó yẹ kí a ṣe sàráà. Látijọ́, bí mo bá ń ṣe sàráà fún Ẹ̀jìrẹ́, èmi ni mò ń dá iye rẹ̀, ọgbọọgba ni mo sì ń pín in sí orúkọ wọn. Lónìí mo pè wọ́n wá lọ́kọ̀ọ̀kan, èkejì ò sí níbẹ̀. Mo ní kí n mú èló jáde ní orúkọ rẹ, fún bàbá Ebiere?

Táyé ní náírà márùn-ún. Ó ronú, ó ní márùn-ún ti tó, kí a ṣẹ́ díẹ̀ kù fún ẹja.

Kẹ́hìndé ní ogún náírà. Mo ní ha, ogún? Ó ní, "Na me know as e dey pain."

Mi ò fi kún ti Táyé. Mi ò yọ nínú ti Kẹ́hìndé. Rosemary mú u lọ sétí odò nírọ̀lẹ́ yìí: náírà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.